Òsì Tó Ń Di Ọ̀tún

Láti Yábàá dé Oyíngbò, kò sí wàhálà.
Arúngi ń tẹ̀ lé píkọ́ọ̀pù bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà,
ẹnu gbọọrọ rẹ̀ kọ sókè, ṣéènì ń dún wìnrìnwìnrìn.
Bí mo bá yà, á yà. Bí mo bá dúró,
á fi èjìká gbún mi díẹ̀, á dákẹ́.
Ọ̀nà iwájú, ta ni ò mọ̀ ọ́n rìn?

Òjò àná ló wó igi fúrúùtù kan
lu ògiri Ìyá Ràbíátù, ní ọ̀nà tóóró tí kò já síbì kankan:
ilé mẹ́jọ lápá kan, gọ́tà tí kò ní ìdérí lápá kejì,
jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan tó jókòó bí ọba láàárín.
Kò sáyè à ń yí po. Ẹ̀yìn la ó fi wọlé.

Jinádù ọ̀gá mi wà níjòókòó ẹ̀gbẹ́,
ó ń bó ẹ̀pà, ó ń ju èèpo rẹ̀ síta.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ mi lẹ́yìn ọgbà rélùwéè:
"Bóo bá fẹ́ kí ìdí ẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, òsì ni kóo yí.
Tó bá ti ń lọ, tètè bá a lọ.
Tírélà gígùn á rò ó kó tó ṣẹ́po.
Kúkúrú yìí ò ní rò ó."

Mo ki jíà sẹ́yìn. Mo yí òsì.
Arúngi wo ọ̀tún, inú mi dùn. Ó tún ń wo ọ̀tún.
Kí n tó pè é padà, ó ti ká mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́,
ìkọ́ ń ké bí orúnkún arúgbó,
dígí òsì ò rí nǹkan kan àfi ojú ọ̀run.
Mo lọ síwájú. Mo tún un ṣe.
Lẹ́ẹ̀kejì, táyà rẹ̀ tọ́ etí gọ́tà wò,
omi dúdú ń wo àwa náà.

Ni gbogbo àdúgbò bá di awakọ̀.
"Ké e! Ké e dáadáa!"
"Máa bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀... yéè!"
Ọmọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò iléèwé láìwọ ẹ̀wù
ń juwọ́ bí ẹni ń gba bàálù sílẹ̀.
Ẹnì kan ní òsì, ẹnì kan ní ọ̀tún,
òtítọ́ sì làwọn méjèèjì ń sọ.
Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

Jinádù ò wí nǹkan. Ẹ̀pà ló ń bó.

Lẹ́ẹ̀kẹrin ni mo rántí ohun tó sọ lọ́jọ́ kan tó ń mu tíì:
gbé ọwọ́ sísàlẹ̀ sítíárìn, níbi aago mẹ́fà,
ibi tọ́wọ́ bá lọ, ibẹ̀ nìdí ń lọ.
Mo gbé e sísàlẹ̀. Ó ń wọlé.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Méjìlá. Ẹnì kan ṣe "ẹ̀hẹ́n" lẹ́yìn mi.
Jẹnẹrétọ̀ ò yẹ̀.

Ìyá Ràbíátù dìde lórí àpótí:
"Ṣé kò ṣe é tú ni? Ẹ tú u, ká tì í.
Mo ti ọmọlanke ẹja láti Ìdó dé bí fún ọdún mọ́kànlá,
kò sẹ́ni tó pe òsì lọ́tùn-ún fún mi."

Jinádù rẹ́rìn-ín, ó gbọn èèpo ẹ̀pà nù lára.
A yọ ṣéènì, a gbé ìkọ́ kúrò lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀,
èmi, òun, ọmọ oníṣòkòtò, Olósì, Ọlọ́tùn-ún,
a fèjìká tì í.
Ibi tí a tì í sí ló ń lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, igi ti di èérún,
gbogbo ọ̀nà ń rùn bí ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún.
Ìyá gba àpò méjì, ó ní fún ìdí ata òun.
"Ọkọ mi ló gbìn ín." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀.

A so Arúngi padà. Nínú dígí,
ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.
"Ìkòyí ni lọ́la," Jinádù wí.
"Géètì ibẹ̀ fẹ̀ ju yàrá tóo ń sùn lọ.
O ó ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta níbẹ̀ náà."
Ó na ẹ̀pà tó kù sí mi.